Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjẹ́ Ọmọ: Ta Ni Alukoro Ń Sìn?

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì àṣekágbá wa ní Kraké sọ fún wa pé iṣẹ́ alukoro ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Inú wa dùn, nítorí ọmọ náà mọ èdè Faransé kọ, ó mọ Yorùbá àti Gùn sọ, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹnu ibodè wa. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀, tí ó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù láti Kraké lọ sí Kùtọnù, wá bá wa ní ilé ẹ̀kọ́. Ó kí wa tán, ó jókòó, ó ní: “Olùkọ́, ẹ má bínú o. Ṣé irọ́ pípa náà ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì ni?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, bí òun bá ti rí ẹni tí ó wọ kóòtù tí ó sì mú ìwé lọ́wọ́ láti ka ọ̀rọ̀ fún àwọn awakọ̀, òun ti mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn.

A kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. A sọ pé iṣẹ́ gidi ni, pé owó wà nídìí rẹ̀, pé gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ló ń wá irú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni baba náà béèrè. Kò sì béèrè bóyá alukoro kan wà tí ó ń purọ́, nítorí kò sí iṣẹ́ tí a kì í rí òpùrọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ó béèrè jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí a ń sanwó fún láti máa sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ṣé ó lè jẹ́ olóòótọ́? Ta ni ó ń sìn gan-an, ẹni tí ó rán an ni, tàbí ẹni tí a rán an sí? Àròkọ yìí ni èsì tí a jẹ baba náà ní gbèsè. A sì rò pé kò yẹ kí òun nìkan gbọ́ ọ, nítorí kò sí ẹgbẹ́, ilé ìjọsìn tàbí ilé ẹ̀kọ́ láàárín wa tí kò ní ẹnìkan tí ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Alukoro ni Yorùbá òde òní ń pe ẹni tí àwọn Faransé ń pè ní chargé de communication. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni ó mú kí orúkọ náà tàn kálẹ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n báǹkì, ilé ìwòsàn, yunifásítì àti ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá ní tiwọn. Alukoro ni ó ń kọ ìkéde, tí ó ń pe àwọn oníròyìn jọ, tí ó ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ilé iṣẹ́ rẹ̀ lórí rédíò àti lórí fóònù, tí ó ń ran ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níwájú àwùjọ. Ní ọjọ́ tí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n ń wá.

Láti nǹkan bí ọdún 1979, ọ̀jọ̀gbọ́n Glen Broom àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣe ìwádìí lórí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣe nínú ilé iṣẹ́, wọ́n sì pín ipò wọn sí mẹ́rin. Èkíní ni ti oníṣẹ́ ọwọ́: wọ́n ti pinnu ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó pè é, tirẹ̀ ni kí ó kọ ọ́ kí ó dùn, kí ó ya àwòrán, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Èkejì ni ti alárinà, tí ó ń la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá sí àwọn ará ìlú, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú sí àwọn ọ̀gá. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó ń bá àwọn olórí jókòó láti wá orírun ìṣòro. Ẹ̀kẹrin ni ti onímọ̀ tí wọ́n ń bi léèrè kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ kan náà rí i pé a lè kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí abẹ́ méjì: ẹni tí ó ń bá wọn gbèrò, àti ẹni tí ó kàn ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe.

Bí a bá fi ojú yìí wo ọ̀rọ̀ baba awakọ̀ wa, a ó rí i pé kò ṣì sọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó ti rí rí. Kò sí alukoro kankan tí ó tíì jókòó ti àwọn awakọ̀ láti béèrè ohun tó ń dùn wọ́n, kí ó sì padà lọ sọ ọ́ fún ẹni tí ó rán an.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí ni ọba máa ń rán. Apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, kí ẹni tí ó bá rí wọn lè mọ ibi tí wọ́n ti wá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, fi yé wa pé orúkọ tí ìlàrí ń jẹ́ a máa sọ èrò ọba. Mádàríkàn wà nínú wọn, Ọbakòṣetán náà wà nínú wọn. Bí Mádàríkàn bá dé ìlú kan, ta ni yóò béèrè ohun tí ọba ní lọ́kàn? Ní àwọn abúlé wa ẹ̀wẹ̀, alágogo ni baálẹ̀ ń rán ní alẹ́. Yóò lu agogo, yóò kéde, yóò sì kọjá lọ. Bí o bá ní ìbéèrè, agogo kò ní etí.

Òwe méjì ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún irú àwọn ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òwe méjèèjì sì dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní ní: “Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.” Èkejì ní: “Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé kí ìránṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ti èkejì ń sọ pé kí ìránṣẹ́ lo ọgbọ́n orí tirẹ̀. Èwo ni kí alukoro tẹ̀ lé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń túmọ̀ òwe kejì sí pé kí a fi oyin sí ọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá ní, “Lọ sọ fún wọn pé òmùgọ̀ ni wọ́n,” ìránṣẹ́ tó gbọ́n yóò ní, “Ọ̀gá wa ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà rò.” Ìyẹn dára, ọmọlúàbí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní, “Lọ sọ fún wọn pé kò sí iná,” nígbà tí ilé ń jó, oyin wo ni a ó fi sí i tí kò ní di májèlé? Lójú tiwa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹrú àti ọmọ nínú òwe yìí kì í ṣe ti ẹnu dídùn. Ní ayé ìgbà náà, ẹrú kò lè kọ iṣẹ́. Ọmọ lè kọ̀ ọ́. Ọmọ lè yípadà ní ẹnu ọ̀nà, kí ó wọlé tọ baba rẹ̀ lọ, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì sọ pé: “Bàbá, iṣẹ́ yìí kò ṣeé jẹ́.” Ọmọ ní orúkọ tí yóò bà jẹ́, ó sì ní ìlú tí yóò máa gbé lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bá ti tán. Láti fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ni láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a rán wa di ọ̀rọ̀ tiwa nígbà tí ó bá ti gba ẹnu wa jáde.

Ìtàn iṣẹ́ yìí ní òkè òkun fi èyí hàn kedere. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1906, ọkọ̀ ojú irin kan já sínú omi lórí afárá ní Atlantic City ní Amẹ́ríkà, ó lé ní àádọ́ta ènìyàn tí ó kú. Àṣà àwọn ilé iṣẹ́ nígbà náà ni pé kí wọ́n bo jàǹbá mọ́lẹ̀. Ivy Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Pennsylvania, ṣe ìdà kejì: ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn, ó sì jẹ́ kí àwọn oníròyìn dé ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ka ìwé náà sí ìkéde àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà ni ìdílé Rockefeller gbà síṣẹ́ ní ọdún 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí àgọ́ àwọn awakùsà tó ń da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ludlow, tí iná sì jó àgọ́ náà, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé kú sínú rẹ̀. Àwọn ìwé pélébé tí Lee tẹ̀ jáde fún ilé iṣẹ́ náà kún fún àṣìṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba bi í léèrè, ó jẹ́wọ́ pé òun kò fúnra òun wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí àwọn ọ̀gá sọ fún òun ni òun kọ.

Ẹ kíyè sí i pé ẹnu kan náà ni, ọgbọ́n ìkọ̀wé kan náà ni. Ní ọdún 1906, ọmọ ni ó fi jẹ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1914, ẹrú ni.

Nítorí irú ọ̀ràn báyìí ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kárí ayé ṣe pàdé ní Athens ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1965, tí wọ́n sì fọwọ́ sí òfin ìwà tí Lucien Matrat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ. Orí Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 ni wọ́n gbé e kà. Ní Nàìjíríà tó jẹ́ aládùúgbò wa, ẹgbẹ́ àwọn alukoro ti wà láti ọdún 1963, ìjọba sì fi òfin gbé ẹgbẹ́ náà, NIPR, dúró ní ọdún 1990. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣe ààrẹ rẹ̀ ni Olóyè Alex Akínyẹlé, ọmọ Oǹdó, ẹni tí ó ti ṣe alukoro fún àjọ aṣọ́bodè tí àwa ará Kraké ń bá pàdé lójoojúmọ́. Nítorí náà, kì í ṣe àìsí òfin ìwà ló ń dààmú iṣẹ́ yìí. Òfin wà. Ohun tó ṣòro ni ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbé ìwé síwájú rẹ tí ó sì ní kí o kọ ọ́.

A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwa fúnra wa ti gba iṣẹ́ ẹrú rí, tẹrú ni a sì fi jẹ́ ẹ. Kí a tó di olùkọ́, nígbà tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ fún licence wa, ilé iṣẹ́ kan gbà wá fún oṣù mẹ́ta láti kọ́ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì alukoro rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ náà ti tẹ gọ́tà tó wà létí ilé àwọn ènìyàn fọ́, omi òjò sì ń wọlé bá wọn. Àwọn ará àdúgbò kọ̀wé. Wọ́n ní kí a fèsì. A kọ ọ́ ní èdè Faransé tó yanjú pé: a ti gba ìwé yín, ọ̀rọ̀ yín jẹ wá lógún, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa láìpẹ́. Wọ́n yìn wá pé a mọ ìwé kọ. Ìwé àwọn ará àdúgbò náà kò kúrò nínú fáìlì tó wà lábẹ́ tábìlì wa. Kò sí ọ̀gá kankan tó kà á.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá kan wá sí ẹnu géètì. Ó fi ọ̀rá wé ìwé tí a kọ, kí òjò má baà pa á. Kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ ni ó kà á fún un. Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́, wọ́n sì pè wá. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí wa, àwa tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì dúpẹ́, nítorí pé láti ìgbà tí àwọn ti ń kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́, a kò fèsì fún àwọn rí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé: “Ọmọ mi, láìpẹ́ tí ẹ kọ yìí, ọjọ́ wo ni?” A sọ pé a ó bá a béèrè. A kò béèrè. Ẹ̀rù ọ̀gá bà wá, oṣù mẹ́ta wa sì ti fẹ́ẹ̀ pé. A gba ìwé ẹ̀rí wa, a sì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti tún ìwé náà kà nínú ọkàn wa. Ẹ lè wá irọ́ inú rẹ̀ títí, ẹ kò ní rí gbólóhùn kan tí ẹ ó fi ìka tọ́ka sí. Òótọ́ ni pé a gba ìwé wọn. Ta ni ó lè sọ iye ọjọ́ tó wà nínú “láìpẹ́”? Síbẹ̀ irọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tí ìwé náà ń sọ fún ìyá náà ni pé ọ̀nà kan ṣí láti ẹnu rẹ̀ dé etí àwọn ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà ti dí, àwa gan-an sì ni ìdènà tí wọ́n fi dí i. Ibí yìí ni irọ́ alukoro ti yàtọ̀ sí irọ́ ẹlòmíràn. Òntajà tí ó ní ọjà òun dára jù ń purọ́ nípa ọjà. Alukoro tí ó fèsì láìgbọ́ ń purọ́ nípa etí: ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ẹnìkan ń gbọ́ wọn, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ǹjẹ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nìyẹn? Rárá o. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti kó àrùn Ebola bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó. Gbogbo wa ní ẹnu ibodè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí ènìyàn kì í ti Èkó wọ Kraké. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde ní ilé ìwòsàn, fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Láàárín ìgbà náà, irọ́ ń sáré ju àrùn lọ. Wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́ síra wọn pé kí ènìyàn mu omi iyọ̀, kí ó sì fi wẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ròyìn pé àwọn kan kú nípa iyọ̀ náà, wọn kò sì ní Ebola.

Kí ni ó gba ìlú là? Iṣẹ́ dókítà ni lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀rọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba ń sọ iye àwọn tó ṣàìsàn àti iye àwọn tó kú, kódà nígbà tí iye náà kò dùn ún gbọ́. Wọ́n ń sọ fún ará ìlú pé iyọ̀ kì í ṣe oògùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi èdè tí àwọn ènìyàn gbọ́ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn ènìyàn 894 ni wọ́n tọpa pé wọ́n ti súnmọ́ àwọn aláìsàn. Èyí kò lè ṣeé ṣe bí ìlú kò bá gba ẹni tó kan ilẹ̀kùn gbọ́. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ alukoro jẹ́ iṣẹ́ irọ́ láti ìpìlẹ̀, kí ó ṣírò ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí wa bí ó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa ní oṣù mẹ́ta náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kàn wá ní Kraké ju Ebola lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ṣí ilé ibodè àjọlò tuntun ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn nípa ọ̀nà tí kò ní ìdíwọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn òwò Áfíríkà ní Niamey, lọ́jọ́ kan náà. Kò tíì tó oṣù méjì sí i tí Nàìjíríà fi ti ibodè mọ́ ẹrù, ní oṣù kẹjọ. Ìdí tí wọ́n sọ ni ìrẹsì tí a ń kó wọlé ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, epo bẹntiróòlù tí a ń kó jáde, àti ohun ìjà. A kò fẹ́ ṣe ìdájọ́ ìpinnu náà níhìn-ín. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ. Ohun tí ìyá tó ní tòmátì nínú agbọ̀n fẹ́ mọ̀ kì í ṣe ìdí. Ọjọ́ ni ó fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣí i? Ṣé kí òun tà á ní ẹ̀dínwó lónìí, tàbí kí òun dúró? Ní oṣù kọkànlá, ìwé kan jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè pé ó di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020. Ọjọ́ náà pé, ibodè kò ṣí. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà tó kéde pé kí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀.

A kò sọ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn alukoro ìhà méjèèjì má mọ ọjọ́ náà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ó ní gbólóhùn kan tí ì bá ṣe ìyá onítòmátì ní àǹfààní ju gbogbo àlàyé nípa ìrẹsì lọ: “A kò mọ̀. Ẹ má fi owó yín dúró dè wá.” Ó ṣòro fún ilé iṣẹ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó dà bí àìlágbára. Iṣẹ́ alukoro tí ó jókòó ti àwọn olórí ni láti sọ fún wọn pé kì í ṣe àìlágbára, pé ọ̀wọ̀ ni fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè ní: “Ẹ̀yin olùkọ́ wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ kí alukoro máa tú gbogbo àṣírí ni?” Rárá. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Orúkọ aláìsàn, máàkì akẹ́kọ̀ọ́, ètò tí a kò tíì parí, gbogbo ìwọ̀nyí ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe irọ́. “N kò lè sọ ìyẹn fún yín” jẹ́ èsì olóòótọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ ibi tí òun dúró sí. “A kò tíì mọ̀” náà jẹ́ èsì olóòótọ́. Ohun tí kò sí lára èsì olóòótọ́ ni “láìpẹ́” tí kò ní ọjọ́. Òfin náà wà lẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́ gbọ́: Nàìjíríà ní òfin òmìnira láti gba ìròyìn láti ọdún 2011, ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀ sì fi ẹ̀tọ́ àtimọ ìròyìn sínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2015.

Ẹlòmíràn lè ní: “Ẹni tí ó ń sanwó ni ó ń pàṣẹ. Bí alukoro bá kọ iṣẹ́, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?” Èyí ni àtakò tó wúwo jù, a kò sì ní èsì tó rọrùn fún un. Àwa kò lè dójú ti ẹni tí kò lè kọ̀, nítorí pé àwa náà kò kọ̀, bẹ́ẹ̀ a kò ní ọmọ tí à ń bọ́ nígbà náà. Ohun tí a lè sọ nìyí. Ní àkọ́kọ́, ohun tí ọ̀gá ń sanwó fún ni ìgbẹ́kẹ̀lé, ìgbẹ́kẹ̀lé kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀gá ní. Ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ó wà, wọ́n kàn yá alukoro ni. Ọ̀gá tí ó ń fi ipá mú un láti ná an dà nù yóò wá a tì ní ọjọ́ tí iná bá jó lóòótọ́ tí ó sì fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó di dandan láti kọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí a nílò ni kí a padà wọ yàrá ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé: “Ìyá kan wà ní ẹnu géètì. Ó ń béèrè ọjọ́.” Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn ì bá lé wa kúrò níṣẹ́ nítorí ìyẹn. A kò dán an wò ni.

Nítorí náà, ta ni alukoro ń sìn? Ẹni tí ó rán an ni ó ń sìn, ìyẹn dájú. Àwọn baba wa kò parọ́ nípa èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà sìn ín ni kí ó má fi etí àwọn ènìyàn dù ú. Alukoro tí ó ń mú ọ̀rọ̀ jáde láìmú ọ̀rọ̀ wọlé kò sin ẹnikẹ́ni: ó tan ará ìlú, ó sì fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Òwe méjèèjì kò bá ara wọn jà mọ́. Ẹni tó bẹ̀rù ẹni tó rán an gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń bẹ̀rù baba ni yóò padà lọ sọ òtítọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa náà. A ní alukoro, a ń gbóríyìn fún un bí ìwé ìpè rẹ̀ bá dára tí èrò sì pọ̀ ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ǹjẹ́ a máa ń bi í pé: “Kí ni àwọn tí kò wá sọ?” Bí ó bá sì sọ ọ́, ṣé a máa ń gbọ́, tàbí a máa ń ní ó ti di ọ̀tá? A kò lè máa bèèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí à ń lò bí ẹrú.

A ti padà lọ bá baba awakọ̀ náà ní ìdíkọ̀. A kò ka gbogbo èyí fún un. A ní irọ́ wà nídìí iṣẹ́ náà, pé àwa gan-an ti pa á rí, a sì sọ ọ̀rọ̀ ìyá onígọ́tà fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n tún gọ́tà náà ṣe nígbẹ̀yìn. A ní a kò mọ̀. Ó mi orí, ó ní: “Bí ọmọ mi yóò bá jẹ́ ẹni tí yóò padà wọlé lọ béèrè, kí ó lọ kọ́ ọ.” Ọmọ náà ti kọ orúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì. Ohun tí a fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ kò ju ìbéèrè ìyá náà lọ. A ní kí ó máa bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ kọ “láìpẹ́” sínú ìwé kan pé: ọjọ́ wo ni?